Bí ẹ ṣe lè lọ wo Hongcun, abúlé àtijọ́ ẹsẹ̀ òkè ní Ṣáínà, kí ẹ sì sùn síbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ máa ń lọ ra ọjà ní Yiwu, ìlú ọjà ní Ṣáínà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ ó jí wọ ọjà láàárọ̀, ẹ ó dúnàádúrà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ó di ẹrù, ẹ ó wọ bàálù padà sí Èkó, tí wọ́n bá wá bi yín pé báwo ni Ṣáínà ṣe rí, ṣọ́ọ̀bù àti hòtẹ́ẹ̀lì nìkan lẹ máa rí sọ. Bí èmi náà ṣe ṣe é fún ọdún mélòó kan nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti Yiwu yẹn náà, tí ẹ bá yọ ọjọ́ méjì péré sọ́tọ̀, ẹ lè dé abúlé kan tí wọ́n ti tẹ̀ dó láti 1131, tí àwọn ọmọ ìdílé kan náà ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di òní.

Hongcun lorúkọ ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni 宏村. Ẹsẹ̀ òkè Huangshan ló wà, ní ìpínlẹ̀ Anhui, ìdílé Wang ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ní 2000 ni UNESCO kọ òun àti Xidi (西递) tó múlé tì í sínú ìwé ogún àgbáyé.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ tí wọn ò rí nǹkan kan. Èmi náà wà lára wọn nígbà àkọ́kọ́. Mo bá bọ́ọ̀sì àwọn tó ń kó èrò lọ, wọ́n sọ wá kalẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, obìnrin kan gbé àsíá pupa sókè, a ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, èrò pọ̀ débi pé orí èèyàn ni gbogbo fọ́tò tí mo yà, nígbà tó fi máa di aago méjì wọ́n ti kó wa jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tíì. Ó dùn mí. Ìgbà tí mo padà lọ, mo sùn síbẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni mo tó mọ̀ pé n ò tíì dé Hongcun rí. Torí náà, tí ẹ ò bá ní lè sùn síbẹ̀ mọ́jú, ẹ fi owó tíkẹ́ẹ̀tì yín ra nǹkan mìíràn, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé àti fóònù, kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà. L ni wọ́n ń pe ti arìnrìn-àjò afẹ́, M ni ti oníṣòwò. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i dáadáa, torí wọn ò fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣeré níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìwé Bìrìtìkó, Amẹ́ríkà tàbí Brazil, òfin tiyín yàtọ̀, ó sì máa ń yí padà, ẹ lọ wo ojú ewé ẹ́ḿbásì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Fóònù ló ṣe pàtàkì jù. Google, WhatsApp, Facebook, Instagram, kò sí èyí tó máa ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Tí ẹ bá tan roaming síìmù ilé yín, tàbí tí ẹ ra eSIM (síìmù inú fóònù tí kò ní káàdì) láti ìta kí ẹ tó wọlé, wọ́n máa ṣí, àmọ́ tí ẹ bá dúró títí ẹ fi dé, ẹ ò ní rí wọn wà jáde mọ́. Ẹ wa áàpù tó ń túmọ̀ èdè náà sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé èdè Ṣáínà ti wà nínú ẹ̀ láìsí dátà.

Owó wá ńkọ́? Áàpù Alipay tàbí WeChat ni gbogbo ayé fi ń sanwó níbẹ̀, àtìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì. Ẹ so káàdì yín mọ́ ọn láti ilé, torí báńkì yín á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù kó tó gbà, tí síìmù ilé ò bá sì sí nínú fóònù, wàhálà dé. Káàdì dọ́là ló dáa jù, ti náírà lè má gbà. Lórí Alipay, tí owó tí ẹ san lẹ́ẹ̀kan ò bá ju 200 yuan (owó Ṣáínà) lọ, wọn ò ní yọ nǹkan kan lé e, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á yọ 3%. Ẹ tún mú owó bébà díẹ̀ dání, kéékèèké, torí bí bátìrì fóònù bá kú, ẹ ò lówó lọ́wọ́ nìyẹn, ẹ ò sì mọ̀nà. Ẹ mú pawa báǹkì. Àmọ́ tí ẹ bá máa wọ bàálù láàárín Ṣáínà, pawa báǹkì tí kò ní àmì 3C (àmì ààbò ti Ṣáínà) lára, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, láti June 2025 ni wọ́n ti ṣe òfin yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìgbà wo?

Ìparí March sí àárín April dáa, gbogbo oko tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè á yọ òdòdó yẹ́lò. November náà dáa, ewé igi á ti pọ́n, ẹ̀gbẹ́ Hongcun níbi tí wọ́n ń pè ní Tachuan làwọn ayafọ́tò máa ń lọ jókòó sí. June sí ìbẹ̀rẹ̀ July, òjò á máa rọ̀ ṣáá, òkúta ilẹ̀ á máa yọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní October, mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ. Gbogbo Ṣáínà ló wà ní ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ kìíní May náà rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọ̀nà

Ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì Yiwu, kí ẹ gbé èyí tí ẹ lè kọ́ sẹ́yìn. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ọ̀nà abúlé, báàgì onítáyà á dá yín lágara.

Láti Yiwu ẹ wọ rélùwéè lọ sí Hangzhou Dong (杭州东), ẹ pààrọ̀ níbẹ̀, kí ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Huangshan Bei (黄山北). Ìparí 2018 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yẹn, láti Hangzhou kò ju wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lọ, ojú fèrèsé nìkan gan-an tó ìran wò, òkè lótùn-ún, odò lósì. Orí áàpù 12306 ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pásípọ́ọ̀tù yín gan-an sì ni tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní fún yín ní bébà. Tí ẹnu ọ̀nà oní-màṣíìnì bá kọ pásípọ́ọ̀tù, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí òṣìṣẹ́ dúró sí. Ẹ tètè dé o, wọ́n máa ń ti ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbéra, wọn ò sì ní dá ọkọ̀ dúró nítorí ẹnì kankan.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nǹkan mẹ́ta ló ń jẹ́ Huangshan. Ìlú kan ń jẹ́ Huangshan, òkè gan-an ń jẹ́ Huangshan, àdúgbò kan lẹ́yìn òkè tún ń jẹ́ Huangshan. Mo ti rí ọkùnrin kan tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì sí ìdí òkè nígbà tó jẹ́ inú ìlú ló fẹ́ sùn, ọ̀nà wọn sì jìn síra. Ẹ kọ 宏村 sí bébà, ẹ fi han awakọ̀, ó parí.

Níwájú Huangshan Bei, bọ́ọ̀sì wà tó ń lọ sí Hongcun, á gbà yín tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ní 2024 wọ́n tún ṣí ibùdókọ̀ rélùwéè tuntun tó sún mọ́ abúlé jù, Yixian Dong (黟县东), àmọ́ rélùwéè tó ń dúró níbẹ̀ ò pọ̀ tó ti Huangshan Bei, ẹ wo áàpù, èyí tó bá bọ́ sí àsìkò yín ni kí ẹ mú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọlé, ẹ wá ibi sùn

Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, 104 yuan ni mo san, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń kọ orúkọ. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa sùn mọ́jú, kí wọ́n lè ṣètò bí ẹ ṣe máa jáde tí ẹ sì máa padà wọlé láì san owó méjì.

Ilé àlejò kéékèèké pọ̀ nínú abúlé, ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ àlejò òkèèrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, torí òfin wọn ni pé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí ẹ dé ibikíbi, wọ́n gbọ́dọ̀ ti forúkọ yín sílẹ̀. Àwọn mìíràn ò ṣe irú ẹ̀ rí, wọ́n á kàn ní àyè ò sí. Kì í ṣe ìkórìíra ní gbogbo ìgbà, ẹ wá ilé mìíràn.

Obìnrin tó ni ilé tí mo sùn ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ pe irú wọn ní āyí, bí àwa náà ṣe ń pe obìnrin tó jù wá lọ ní àǹtí, ojú wọn á là. Èdè wọn ò sì yẹ kó bà wá lẹ́rù, àwa tí a mọ̀ pé igbá kì í ṣe igba, etí wa ti mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tipẹ́. Nǐ hǎo, xièxie, bú yào (mi ò fẹ́), ẹ kọ́ mẹ́ta yìí pẹ̀lú ohùn wọn, wọ́n á gbọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdájí

Láti bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ làwọn bọ́ọ̀sì á ti máa kó èrò lọ. Ẹ jẹun, ẹ tètè sùn, ẹ ṣètò aago sí márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Ó le, mo mọ̀, ẹ ṣáà jí.

Ẹ jáde, ẹ tẹ̀lé omi. Wọ́n gbẹ́ ojú omi kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gbogbo, kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjì lọ, láti orí odò lókè abúlé ló ti ń ṣàn wá, ó ń gba iwájú ilé kọjá, nígbà mìíràn inú ilé gan-an. Ẹ ó máa gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Ìtàn wọn ni pé bíi màlúù tó dùbúlẹ̀ ni wọ́n ṣe ya abúlé náà, òkè Leigang ni orí, igi ńlá méjì ni ìwo, àwọn ilé ni ara, omi yìí ni ìfun, adágún tó wà láàárín abúlé àti èyí tó wà níwájú ni ikùn rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n ní òfin pé kí aago mẹ́jọ tó lù, omi mímu nìkan ni wọ́n ń pọn níbẹ̀, ó di ẹ̀yìn ìyẹn kẹ́nikẹ́ni tó fọ aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ, màmá kan jókòó sórí àpótí kékeré létí omi náà, ó ń ṣan ẹ̀fọ́. Ó á gbé ìdì kan, á tẹ̀ ẹ́ bọ omi, á gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ewé tó bá ti pọ́n á já a, á jù ú sínú agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún adìyẹ. Kò gbójú sókè wò mí. Mo dúró níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí àsíá, kò sí gbohùngbohùn, ìró omi àti ìró ẹ̀fọ́ nìkan. Ohun tí mo ní kí ẹ sùn nítorí ẹ̀ nìyẹn.

Omi náà á mú yín dé adágún àárín abúlé, ààbọ̀ òṣùpá ni wọ́n ṣe é, ilé funfun olórùlé dúdú yí i ká, tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́, gbogbo ilé á dojú dé sínú omi kedere. Wọ́n ní obìnrin kan, ìyàwó olórí ìdílé Wang ayé ìgbà náà, Hu Zhong lorúkọ ẹ̀, ló sọ fáwọn ọkùnrin pé wọn ò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ bí òṣùpá kíkún. Òṣùpá tó bá ti kún, àtidínkù ló kù fún un. Wọ́n gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ààbọ̀ náà ló ṣì jẹ́ dòní.

Ẹ ó bá àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán létí adágún, pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì àti búrọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ má dúró sí iwájú wọn. Àwọn kan á fẹ́ ya yín ní fọ́tò nítorí àwọ̀ yín, àwọn mìíràn ò tíì rí aláwọ̀ dúdú lójúkojú rí. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn, tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ juwọ́, ẹ ní bú yào, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: inú ilé ni kí ẹ pẹ́ sí jù

Nígbà tí èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ẹ̀yin ẹ bọ́ sínú ilé. Chengzhi Tang (承志堂) ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, oníṣòwò iyọ̀ kan ló kọ́ ọ ní 1855. Ẹ má kàn yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ jáde. Ẹ dúró lábẹ́ igi àjà iwájú, ẹ gbójú sókè, wọ́n gbẹ́ àwọn ọmọdé sí i lára tí wọ́n ń ṣeré ọdún fìtílà, ọmọ kan ò jọ ọmọ kejì. Òmíràn wà tó jẹ́ àsè tí ọba ń ṣe fáwọn ìjòyè, ẹ wo igun ẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ẹni tó ń se omi tíì, ẹ ó tún rí ọkùnrin kan tí wọ́n ń bá wa etí! Ẹni tó gbẹ́ igi yẹn mọ èèyàn.

Lẹ́yìn náà ẹ wo àárín ilé. Kò ní òrùlé. Wọ́n dà á sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ àti òjò máa bọ́ sínú ilé, òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọjú sínú, òjò tó bá rọ̀, inú ilé ni gbogbo ẹ̀ á bọ́ sí. Wọ́n ní omi lowó, kò gbọdọ̀ ṣàn lọ bá ará ìta. Tẹ́nì kan bá dàgbà sí agbo ilé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, tó mọ àkọ́dì, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ìkòkò sílẹ̀ fún òjò tó ń ti orí òrùlé bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á dúró níbẹ̀. Tèmi dúró. Ilé bàbá ìyá mi ni mo rántí, wọ́n ti wó o báyìí, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn síbẹ̀.

Nínú pálọ̀ gbogbo ilé àgbà níbẹ̀, ẹ wo tábìlì gígùn tó wà níwájú ògiri. Aago wà láàárín, ìgò òdòdó wà ní apá kan, dígí wà ní apá kejì. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Zhōng ni aago, píng ni ìgò, jìng ni dígí, tí ẹ bá pè wọ́n pọ̀, ohùn wọn jọ ti gbólóhùn tó ń sọ pé kí ayé ẹni rọrùn kó tòrò títí ayé. Àrokò ni! Bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ séèyàn pé ọkàn àwọn fà sí i, ohun kan náà, ọ̀nà jíjìn ló wà láàárín.

Àwọn oníṣòwò lọkùnrin agbègbè yìí, orin kan wà tí wọ́n ń kọ pé ẹni tí wọ́n bí sí Huizhou (orúkọ àtijọ́ agbègbè náà), tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá mẹ́rìnlá, wọ́n á jù ú síta. Ó lè pẹ́ lọ́dún púpọ̀ kó tó padà wálé. Ìdí nìyẹn tí fèrèsé ilé fi kéré tó sì ga, obìnrin àti ọmọ nìkan ló wà nílé. Ẹ wá tábìlì ààbọ̀ tó dojú kọ ògiri. Tí ọkọ bá wà nírìn-àjò, ààbọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń tẹ́, tó bá dé, wọ́n á so méjèèjì pọ̀, ó di róbótó, àlejò tó bá ti ẹnu ọ̀nà wò ó á ti mọ̀ láì béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ fi ìyàwó tàbí ọkọ sílé wá ra ọjà, ẹ wo tábìlì yẹn dáadáa.

Ẹ̀tọ́ díẹ̀: ẹ má fẹsẹ̀ tẹ ìloro igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan igi gbígbẹ́. Ilé tí wọn ò kọ nǹkan sí lẹ́nu ọ̀nà, ilé onílé ni, ẹ má wọ̀ ọ́. Níbi tí àwòrán àwọn baba ńlá wọn bá wà, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: oúnjẹ

Ẹja gúìyú tí wọ́n fi iyọ̀ sé títí tó fi rùn (chòu guìyú) ni oúnjẹ agbègbè náà. Ẹni tó ń jẹ irú kò lè sá fún un, ẹ jẹ ẹ́, ẹran ara ẹ̀ dùn, ó sì le dáadáa. Tòfú onírun (máo dòufu) náà wà, ó hu irun funfun bí òwú, wọ́n á dín in níwájú yín, wọ́n á fi ata sí i.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ fetí sílẹ̀ o, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀rá ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ nǹkan níbẹ̀, títí dé búrẹ́dì kékeré tí wọ́n ń yan lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀fọ́ tí ẹ rí nínú ẹ̀ kì í dá wà. Ẹ kọ 清真 sí fóònù, ìyẹn ni halal, ní ìlú ńlá ẹ ó rí i lára ilé oúnjẹ tó ń ta núdùsù Lanzhou, àmọ́ nínú abúlé ó ṣọ̀wọ́n, ẹ gbé nǹkan dání láti Yiwu. Ẹyin àti ìrẹsì funfun wà níbi gbogbo.

Tíṣù náà, ẹ mú un dání, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta kì í sábàá ní.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Xidi, kí ẹ tó padà

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí èrò bá ti kún Hongcun, ẹ gbé báàgì, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Xidi, kò jìnnà, nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ìdílé Hu ló ni ìyẹn, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu àbáwọlé ẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹnu ọ̀nà olókùúta ńlá kan tí wọ́n gbé dúró ní 1578 fún ọmọ abúlé náà tó di ìjòyè ọba, Hu Wenguang. Wákàtí méjì tó fún Xidi, ó dákẹ́ ju Hongcun lọ, tí ẹ bá lówó òru kejì, mi ò ní dá yín lẹ́kun.

Tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan wálé, tíì ni kí ẹ rà, Huangshan Maofeng aláwọ̀ ewé tàbí tíì pupa Qimen, agbègbè yẹn náà ni wọ́n ti ń gbìn ín. Ẹ ní kí wọ́n sè é fún yín tọ́ wò ná kí ẹ tó sanwó, ẹ sì dúnàá, ẹ̀yin náà ọlọ́jà ni.

Kí ẹ tó jókòó tì tíì o, ẹ lọ bi wọ́n níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí pé aago mélòó ni èyí tó kẹ́yìn ń lọ sí Huangshan Bei. Ó máa ń tètè tán lọ́sàn-án, kì í dúró di alẹ́ bí tiwa. Ẹ ya fọ́tò àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ wo bátìrì fóònù yín, kí ẹ tó wá jókòó.